Àwòrán Ìyá Wa Tí Mo Gbé Sẹ́yìn Ilé

Ọdún méjì péré ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi jù mí lọ. Ó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà n'Íbàdàn, kò parí rẹ̀ tó fi padà sílé wa n'Ísàn-Èkìtì. Láàárọ̀ á lọ sóko, lọ́sàn-án á máa ṣa ìdérí mínírà, ọ̀rá omi, káàdì fóònù tí wọ́n ti họ, àti àjákù àǹkárá lọ́dọ̀ àwọn aránṣọ. Àwọn aládùúgbò ní orí rẹ̀ ti dàrú. Olùkọ́ ni mí n'Íyè-Èkìtì nígbà náà, ojú sì ń tì mí.

Oṣù mẹ́ta ló fi ṣe àwòrán ojú ìyá wa sórí pákó tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Ó kun ojú wọn láwọ̀ ewé, ó fi ìdérí mínírà to gèlè, ó gé káàdì ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Àjákù aṣọ pupa ló fi lẹ ẹ̀rín sí wọn lẹ́nu, ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín bí ọmọ bá purọ́ fún wọn tí wọ́n sì ti mọ̀. Ìyá wa gbé e kọ́ sí pálọ̀. “Ulé mi ti dára,” ni wọ́n ń wí fún gbogbo àlejò.

Nígbà tí àwọn òbí àfẹ́sọ́nà mi fẹ́ ti Èkó wá mọ̀ wá, ẹ̀rù bà mí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo gun àga, mo sọ àwòrán náà kalẹ̀, mo gbé e sẹ́yìn ilé ìdáná, mo sì gbé kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ sí àyè rẹ̀ lára ògiri pálọ̀.

Àwọn àlejò jẹ iyán tán, ìyá àfẹ́sọ́nà mi bá lọ fọwọ́ lẹ́yìnkùlé. Mo tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń bu omi sí wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n rí pákó náà.

“Ta ló ṣe èyí?”

Ẹnu mi yá jù mí lọ. “Wèrè kan ló gbé e síbẹ̀, Màmá.”

Ẹ̀gbọ́n mi bu omi náà tán, ó rọra gbé ife sílẹ̀, ó kí wọn kú ìrìn, ó sì jáde. Kò pẹ́ tí òjò dé. Mo jókòó ní pálọ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń lu pákó, mi ò dìde.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ, gọ́ọ̀mù ti yọ́, ojú ìyá wa ti bó lára pákó.

“Uṣẹ́ ọwọ́ ọmọ mi lo gbé sójò?” Ìyá wa ló bi mí bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń ṣa ìdérí mínírà nínú ẹrẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀gbọ́n mi kó lọ sí Òmù-Èkìtì, ó ń kọ pátákó fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ó wá síbi ìgbéyàwó mi, ó jẹun, ó lọ.

Ọdún mẹ́rin kọjá kí n tó lè lọ bá a.

“Ẹ̀gbọ́n mi, dárí jì mí nítorí àwòrán yẹn.”

Kò gbójú sókè níbi iṣẹ́ rẹ̀. “Òjò ló ba àwòrán jẹ́. Mo lè ṣe òmíràn. Ṣùgbọ́n o pè mí ní wèrè níṣojú mi.”

Mo sunkún. Ó fún mi lága, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tí mo padà dé Èkó, mo jẹ́wọ́ fún ìyá ọkọ mi pé ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe àwòrán ọjọ́ náà. Wọ́n ní, “Àwòrán yẹn? Mo fẹ́ béèrè lọ́jọ́ yẹn bóyá ẹni náà lè ṣe tèmi.”

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun ti gbọ́. Kò tíì ṣe ti ìyá ọkọ mi títí di òní, èmi náà ò sì lẹ́nu láti bi í.