Kàpásítọ̀ Tí Mo Fi Ojú Yàn

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìdógùn, ara mi kì í balẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n jókòó, ẹsẹ̀ mi á máa jó nílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, díẹ̀ ló kù kí ìwà yẹn bá mi ba ohun tí kò ní àtúnṣe jẹ́.

Bàbá àgbà mi ti kú. Inú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ohùn rẹ̀ kù sí, níbi tó ti ń fi oríkì kí ìyá àgbà láàárọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì náà ti já rí, a fi sẹ́lótéèpù so ó. Ohùn inú rẹ̀ kò lọ sókè mọ́, ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ iná l'Ọ́wọ̀ bá ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò gbé e sókè kó tó dé ampilifáyà tó ń gbé ohùn lọ sí sípíkà. Ó ku kàpásítọ̀ ẹnu ọ̀nà àbájáde, èyí tó ń dá iná dúró tó ń jẹ́ kí ohùn kọjá. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án títí òun yóò fi ti Ọ̀wọ̀ dé.

Èmi wo ni yóò dúró? Mo mú èyí tó sanra jù nínú páálí irinṣẹ́ rẹ̀, mo fi òjé lẹ̀ ẹ́, mo sì ki kásẹ́ẹ̀tì bàbá àgbà bọ inú rédíò kásẹ́ẹ̀tì. Ohùn náà jáde tín-ín-rín. Ìyá àgbà mirí. Ó ní ta ni ń fi imú sọ̀rọ̀, ọkọ òun kọ́ nìyẹn. Ojú tì mí.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé, kò nà mí. Ó ní nọ́ńbà ara rẹ̀ là ń wò, kì í ṣe ìsanra. Ìdá kan nínú mẹ́wàá máíkírófáràdì kan, òṣùwọ̀n kàpásítọ̀, péré ni ti èyí tí mo mú, ohùn ìsàlẹ̀ kò lè gbà á kọjá. Mo ní kó fi ẹgbẹ̀rún sí i nígbà náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn yóò lu sípíkà gbì nígbà tí a bá tanná. Mẹ́wàá ló fi sí i, ó fi kásẹ́ẹ̀tì mìíràn dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta, èmi sì ń rìn yí ilé ká.

Nígbà tí ti bàbá àgbà dún, ohùn rẹ̀ kún yàrá. Ìyá àgbà kúnlẹ̀. Ó ní, "Mo jí ire, olówó orí mi." Bó ṣe dákẹ́ ni téèpù já. Mo sáré wá sẹ́lótéèpù, ìyá àgbà di ọwọ́ mi mú.

"Má so ó mọ́. Mo ti dá a lóhùn."

Lónìí, ohùn ẹni gbogbo wà lápò yín, kì í já. Ohùn ọkọ mi tó kú lọ́dún tó kọjá wà nínú fóònù mi. Ẹ máa ń ní kí n tẹ̀ ẹ́, mo sì ń wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Sípíkà fóònù yẹn kò ní ohùn ìsàlẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí pé kì í ṣe ohùn rẹ̀ ni n ó gbọ́. Ẹ wá sípíkà tó dára fún mi. N ó jókòó gbọ́ ọ.