Kùkùté Kò Mọ Katakata Tuntun

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Odígbó, iye kan wà tí a kò gbọdọ̀ sọ létí àlejò: mẹ́ta. Ìgbà òjò mẹ́ta péré ni katakata méjì fi ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ ẹbí wa. Àkọ́kọ́ ṣe méjì, èkejì ṣe ẹyọ kan. Bí àlejò bá rí wọn lábẹ́ igi tó sì béèrè, ohun tí wọ́n kọ́ àwa ọmọ láti sọ ni pé wọ́n ti sìn wá títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Mo ń sọ iye náà síta báyìí nítorí mo gbọ́ pé ẹ̀yin ọmọ wa tún fẹ́ pàdé, pé ẹ ń rò ó bóyá kí ẹ tún ògbólógbòó katakata pupa inú ọgbà ṣe ni, tàbí kí ẹ gba òmíràn. Ẹ fara balẹ̀. A ti ṣe irú ìpàdé yẹn rí, mo sì wà níbẹ̀.

Ìgbà náà ni owó epo rọ̀bì ń ṣàn bí àgbàrá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ya Ìpínlẹ̀ Oǹdó sọ́tọ̀ ni, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n gbé wá láti ibòmíràn sì ń fi ọkọ̀ jíìpù gba Ọ̀rẹ̀ wọlé, wọ́n ń kéde pé ọkọ́ àti àdá ti di ohun àná. Kí ẹ lè mọ irú ìmọ̀ tí wọ́n fi ń kéde: lọ́jọ́ tí wọ́n wá fi katakata han ìlú, orí pápá bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ wa ni wọ́n ti fi túlẹ̀. Ilẹ̀ tí kò ní gbòǹgbò, tí kò ní òkúta, tí ẹsẹ̀ ọmọdé ti tẹ́jú láti ọdún pípẹ́. Ẹ̀rọ náà là á já bí ọ̀bẹ tó ń la ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Ìlú pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá wọn béèrè ibi tí òun lè dúró sí kí fọ́tò òun lè mọ́ dáadáa. Kò béèrè ibi tí oko wà. Àwọn ọmọkùnrin ilé ẹ̀kọ́ wa kò rí ibi gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí ọdún fi parí, kò sì sí ẹni tó gbin ohunkóhun sórí pápá náà.

Àwọn mẹ́ta ló ni ilẹ̀ wa lápapọ̀: ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí í ṣe olórí ẹbí, bàbá mi, àti àbúrò wọn obìnrin tó máa ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ káàkiri Àgọ́ Aláyé, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Oníkòkó. Wọ́n da owó wọn pọ̀, wọ́n sì ra katakata pupa kan.

Ṣùgbọ́n oko wa kì í ṣe pápá bọ́ọ̀lù. Igbó tí a gé ni. Àwọn tó ń ro ó kì í sì í ṣe àwa. Àwọn àgbẹ̀ tó wá láti ọ̀nà jíjìn ni, tí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún wa. Wọn a gé igi, wọn a sun ún, wọn a wá kọ ebè yí kùkùté ká. Kùkùté náà gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀. Òfin ẹbí wa ni: ẹni tó gba ilẹ̀ dáko lè gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin igi, kò sì gbọdọ̀ hú kùkùté, nítorí ẹni tó hú kùkùté ti fi hàn pé òun kò ní í lọ mọ́. Olórí ẹbí a máa sọ ọ́ bí ẹni ń ka kátíkísìmù: “Ẹni tó hú kùkùté lónìí, kòkó ni yóò gbìn lọ́la, lọ́túnla, ọmọ rẹ̀ á ní ilẹ̀ bàbá òun ni.” Bàbá mi kì í bá a jiyàn lórí èyí.

Ní òjò àkọ́kọ́, awakọ̀ tí wọ́n gbà ń rọra yí láàárín kùkùté bí ẹni ń gba àárín ọjà kọjá. Ní òjò kejì, ó kánjú. Ìdí igi arère kan tí koríko ti bò mọ́lẹ̀ ló fi táyà iwájú sọ, irin tó so táyà méjèèjì pọ̀ sì kán. Wọ́n wọ́ ẹ̀rọ náà wálé, wọ́n fi í sábẹ́ igi àgbálùmọ̀, adìyẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yé síbẹ̀. Bí àwọn àgbẹ̀ wa bá ń kọjá lọ sóko láàárọ̀, wọn a tẹrí ba fún un, wọn a ní, “Ẹ kú ìsinmi o, ọ̀gá,” wọn a sì gbé ọkọ́ kọ́ èjìká.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ni àwọn mẹ́ta náà pàdé ní pálọ̀ olórí ẹbí. Èmi ni mo ń bu omi fún wọn. Olórí ẹbí ní kí wọ́n ra òmíràn. Ó ní ìjọba tún ti kó tuntun dé, aláwọ̀ búlúù, pé ẹbí tó bá tètè fi ohun ìní dógò fún owó rẹ̀ ni yóò tètè rí gbà. Ohun ìní tó sì ń wò ni oko kòkó bàbá mi ní Àgọ́ Aláyé, èyí tí ìyá wọn fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Oko yẹn ló ń bọ́ wa. Òun ló ń rán wa níwèé. Bí wọ́n bá fi dógò tí katakata kò sì mú nǹkan wọlé, ó ti lọ nìyẹn, gbogbo ẹni tó wà nínú pálọ̀ náà ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi ní kí wọ́n tún ti àtijọ́ ṣe. Ó ti mú jórinjórin kan wá láti Ọ̀rẹ̀, ọkùnrin náà sì ti sọ pé irin tó kán yóò ṣe é jó pọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í bóyá ohun tí a jó pọ̀ ni kí òun gbé jáde lójú ìlú, nígbà tí àwọn ará Aráròmí-Obù ti ń gun tuntun.

Ìyá Oníkòkó ló wá dá sí i. Èdè Ìkálẹ̀ wa ló fi sọ ọ́. Mo ń kọ ọ́ síhìn-ín lọ́nà tí gbogbo yín yóò fi gbọ́ ọ.

“Ẹ̀gbọ́n, aláwọ̀ búlúù tí ẹ ń wí yìí, ṣé yóò máa fo kùkùté ni?”

Ó yíjú sí bàbá mi.

“Ẹ̀yin náà ńkọ́, bọ̀ọ̀dá? Èyí tí ẹ fẹ́ jó pọ̀, ṣé kùkùté ti kúrò lọ́nà rẹ̀?”

Ó ní kí wọ́n pe àwọn tó ń ro ilẹ̀ náà jókòó, kí wọ́n bá wọn ṣe àdéhùn níwájú ẹlẹ́rìí pé híhú kùkùté kì í ṣe gbígba ilẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ náà kọ́kọ́ hú ti apá ibì kan, kí wọ́n sì tún ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe fún apá ibẹ̀ nìkan. Olórí ẹbí gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀.

“Ìwọ tí o ti lọ sílé ọkọ, ìwọ ló fẹ́ wá bá wa pín ilẹ̀ fún àlejò.”

“Mo lọ sílé ọkọ, owó mi kò bá mi lọ. Ó wà lábẹ́ àgbálùmọ̀ yẹn, adìyẹ ń yé sí i.”

Bàbá mi lè sọ̀rọ̀ nígbà náà. Bí òun àti àbúrò rẹ̀ bá fẹnu kò, olórí ẹbí kò lè dá a ṣe. Ṣùgbọ́n ó wolẹ̀, ó ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àwọn àlejò sílẹ̀ ná, kí wọ́n sọ ti ẹ̀rọ. Ó bẹ̀rù àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un ju bó ṣe bẹ̀rù àti pàdánù oko lọ. Bí wọ́n ṣe ń sọ ti ẹ̀rọ nìkan, ẹni tó fẹ́ tuntun ló borí. Wọ́n fi oko dógò. Aláwọ̀ búlúù dé, wọ́n ya fọ́tò, òjò kan kọjá, ó sì kọlu kùkùté. Kì í ṣe ìdí arère ti ìjọsí. Òmíràn ni. A kò ṣaláìní kùkùté.

Ẹlòmíràn ló ń ká kòkó ìyá bàbá mi láti ìgbà náà. Bàbá mi kò gba ẹ̀bá oko náà kọjá mọ́ títí ó fi kú. Bí ohun kan bá gbé e lọ sí apá ibẹ̀, á yà gba ọ̀nà tó jìn. Ìyá Oníkòkó ló rán mi níwèé dé yunifásítì, kò sì fi ìpàdé ọjọ́ náà gún bàbá mi lára lẹ́ẹ̀kan rí.

Ayé ti yí padà. Ọ̀kadà ló ń gbé ẹ̀gẹ́ gba ọ̀nà igbó tí a fi ẹsẹ̀ rìn, fóònù sì ń dún lórí ebè. Àwọn ọmọ tí àwọn àgbẹ̀ wa bí síbẹ̀ ti bí ọmọ tiwọn, wọ́n ṣì ń kọ ebè yí kùkùté ká, ẹ sì tún ń pè wọ́n ní àlejò. Àwọn aláṣẹ ṣì ń já ríbọ́ọ̀nù níwájú katakata tuntun, koríko sì ń bo ti àná mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọ́fíìsì. Ohun tó yí padà pọ̀. Ohun tó ṣẹ́ irin wa kò tíì yí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń pín katakata fún àgbẹ̀: kí ẹ tó kó òmíràn dé, ẹ sọ òjò mélòó ni èyí tó ṣáájú fi ṣiṣẹ́, kí ẹ sì wá fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn wá lórí oko, kì í ṣe lórí pápá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin tí ẹ sì jogún ilẹ̀ náà: èmi kò bi yín bóyá pupa ni ẹ ó tún ṣe tàbí tuntun ni ẹ ó rà. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ pe àwọn tó ń ro ó wá, ẹ fún wọn ní àga jókòó, kí ẹ sì sọ gbólóhùn tí bàbá mi kò lè sọ létí ẹlẹ́rìí: híhú kùkùté kì í ṣe gbígba ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n hú kùkùté.