Ọjọ́ Tí Abọ́ Méje Dè Mí Mọ́ Àga ní Orè

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láàyè kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní ọjọ́ Sátidé kan ní Orè. Ó ti tó oṣù mélòó kan báyìí, ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lè sọ ọ́ tí àyà mi kò ní máa já ni.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé tíṣà ni mí. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni mí, iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi wá sí Òdìgbò ní ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn. Mo ní ọdún méjì péré ni mo máa lò. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Akínníyì, àgbẹ̀ tó ń gbin kòkó àti ọ̀pẹ, ọmọ Ìkálẹ̀ gidi. A fẹ́ra, a bí ọmọbìnrin kan, Ìbùkún. Bí ọdún méjì ṣe di mẹ́tàlá nìyẹn.

Láti ìgbà ìgbéyàwó ni ọkọ mi ti ń ṣèlérí pé òun á gbé mi lọ jẹun níbi tí wọ́n ti ń tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Ẹ̀rín la máa ń fi rín. Níbo ló fẹ́ rí irú ẹ̀ ní agbègbè wa? Orè tí ẹ mọ̀ yìí, búrẹ́dì ojú títì àti ẹran ìgbẹ́ lẹ máa rí rà. Àfi ìgbà tí obìnrin kan láti Kétu, ní ilẹ̀ Benin, ṣí ilé oúnjẹ Faransé sí ẹ̀yìn Orè, lójú ọ̀nà Òdìgbò. Ogún ọdún ló fi se oúnjẹ fún àwọn Faransé kó tó fẹ́ ọmọ ìlú wa. Ìyá Kétu la máa ń pè é. Tábìlì mẹ́rin ló ní, Sátidé nìkan ló ń ṣí, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti sọ fún un ṣáájú. Abọ́ méje ni yóò gbé síwájú yín, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Kò sí kánjúkánjú níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú báàgì mi lọ́jọ́ náà. Lẹ́tà tiransífà ni. Ó ní kí n lọ máa ṣiṣẹ́ ní Ìkàrẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù tó ń bọ̀. Èmi ni mo kọ̀wé béèrè fún un. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú bàbá mi, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ìyá mi ti kú, Ìbàdàn ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé, aládùúgbò ló ń bá wa wo Bàbá. Oṣù mẹ́ta ni mo fi lépa lẹ́tà yẹn, mi ò sì sọ fún ọkọ mi.

Kí ló dé tí mi ò sọ? Ẹ̀rù ni. Ìgbà kan wà tí mo mẹ́nu bà á pé ó wù mí kí a kó lọ sí apá ọ̀dọ̀ wa. Ọjọ́ méjì ni ọkọ mi kò fi jẹun nílé. Ìyá rẹ̀ ní ṣé òun kò sọ bẹ́ẹ̀, pé ìyàwó tó bá wá láti òkè, ojú rẹ̀ kì í kúrò lọ́nà ilé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pa ẹnu mi mọ́. Mo ní tí lẹ́tà bá dé, màá mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Lẹ́tà dé ní Ọjọ́bọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọkọ mi ti oko dé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gba tábìlì lọ́wọ́ Ìyá Kétu.

Mo rò ó pé bóyá Ọlọ́run ló ṣe é. Tí a bá jẹun, tí inú rẹ̀ dùn, màá sọ ọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń wa takisí ló gbé wa débẹ̀. Ó ní òun ń gbé èrò lọ sí Àgọ́ Aláyé, pé òun á padà wá gbé wa ní aago méje. Bó ṣe lọ tán ni òjò dé. Igun yàrá ni wọ́n fi wá sí, ògiri wà lẹ́yìn mi, ògiri wà lọ́tùn-ún mi. Kí n tó lè jáde, ọkọ mi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìde.

Abọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ búrẹ́dì róbótó bí àkàrà kékeré, tí wàràkàṣì ti yọ́ sínú rẹ̀. Ó dùn. Ọkọ mi ní ṣé èyí náà loúnjẹ? Mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí púrínsípà iléèwé wa wọlé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀.

Ọ̀gá mi. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé mi. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé lẹ́tà yẹn fún mi. Nínú gbogbo Sátidé tí Ọlọ́run dá, ṣé èyí ló yẹ kí wọ́n wá jẹun?

Wọ́n jókòó sí tábìlì tó tẹ̀ lé tiwa. Ọ̀gá juwọ́ sí wa. Ọkọ mi fẹ́ dìde lọ kí wọn, mo di apá rẹ̀ mú. Mo ní kí ó jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fìdí balẹ̀. Ó gbà, ó padà jókòó. Ṣùgbọ́n ṣé mo lè di apá yẹn mú títí abọ́ méje á fi tán?

Ọbẹ̀ àlùbọ́sà ló tẹ̀ lé e, ó gbóná débi pé a ní láti dúró kó tutù. Mo ní àkókò nìyí. Mo ní, “Bàbá Ìbùkún, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ.” Ó gbọ́wọ́ sókè. Ó ní òun náà ní ọ̀rọ̀, kí n jẹ́ kí tòun ṣáájú, torí òun ló gbé mi wá.

Ìgbín ni abọ́ kẹta. Kì í ṣe bí tiwa tí a máa ń fi ata dín o. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ìkarahun, wọ́n sè é, wọ́n tún dá a padà sínú ìkarahun náà pẹ̀lú bọ́tà àti aáyù. Fọ́ọ̀kì tín-ín-rín ni wọ́n fún wa láti fi fà á jáde. Bí mo ṣe ń fà á ni ọkọ mi sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ó ní ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìdílé àwọn ti gbé e fún òun. Ó ní wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́, àti pé kí ọdún tó parí, iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi tí mo ti ń lá lálàá láti ọjọ́ pípẹ́ á dìde níbẹ̀, orúkọ mi á wà lára pátákó rẹ̀.

Kí ni mo fẹ́ wí? Mo dúpẹ́. Ẹnu mi ń dúpẹ́, ìgbín já bọ́ lórí fọ́ọ̀kì. Ọkọ mi rò pé ayọ̀ ló fà á. Mo wo ilẹ̀kùn, mo wo òjò, mo wo ọ̀gá mi. Kò síbi tí mo lè gbà.

Ẹja ni abọ́ kẹrin, pẹ̀lú ọbẹ̀ funfun kan tí kò ní ata. Mo ti pinnu pé bí ẹja yìí bá ti tán, bó bá dàrú kó dàrú. Mi ò tíì jẹ ẹ́ dé ìdajì nígbà tí mo rí i tí ọ̀gá dìde, tó ń nu ẹnu, tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ọkọ mi dìde kí i. Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé e léjìká. “Ẹ ṣeun tí ẹ gbé màdáámù wá síbí,” ó wí. “Ó tọ́ sí i. Àárò rẹ̀ máa sọ wá gan-an ní iléèwé. Ṣùgbọ́n ọmọ tó lọ tọ́jú bàbá rẹ̀, ire ni yóò bá a.” Ó kí wa, ó padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan.

Ọkọ mi jókòó. Ó gé ẹja, ó fi sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ títí ó fi gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló bi mí, ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá: “Níbo lò ń lọ?”

Mo yọ lẹ́tà náà, mo tì í síwájú rẹ̀ lórí aṣọ funfun. Mo sọ ti Bàbá, mo sọ ti ìwé tí mo kọ. Ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a padà bó ṣe wà.

“O bẹ ìjọba kí o tó bẹ̀ mí,” ó wí.

Ẹ̀yin náà, èsì wo lẹ bá fún un?

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Ká ní ilé ni, ọ̀kan nínú wa ì bá ti wọ yàrá lọ, kó ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n abọ́ mẹ́ta ṣì kù, òjò ń rọ̀, mọ́tò wa kò tíì dé, ọ̀gá mi àti ìyàwó rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa. Ìyá Kétu gbé pẹ́pẹ́yẹ wá, ó ṣàlàyé bí òun ṣe fi omi ọsàn sè é. Àwa méjèèjì ń mi orí. A ń jẹ pẹ́pẹ́yẹ náà. Ó dùn gan-an, ìyẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó jẹ ẹ́ tán, ọkọ mi dìde. Ó sọ nǹkan kan ní Ìkálẹ̀, kíákíá, tí kò yé mi. Títí di òní, bí inú bá bí i, èdè náà máa ń sá fún mi. Ó ṣílẹ̀kùn, ó jáde sínú òjò. Ọ̀nà ti wá ṣí fún mi báyìí láti jáde kúrò lẹ́yìn tábìlì yẹn, ṣùgbọ́n mo jókòó síbẹ̀.

Ìyá Kétu wá bu omi fún mi. Ó rọra ní, “Abẹ́ òrùlé kíṣìnì mi ló dúró sí. Kò lọ. Ẹ má lọ pè é. Mi ò ní gbé èyí tó kàn wá títí yóò fi jókòó.”

Ó pẹ́ kó tó wọlé. Èjìká rẹ̀ kan ti rẹ. Ó jókòó, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Ta ló ń wẹ Bàbá?”

Mo ní aládùúgbò ni, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àwọn ọjọ́ yòókù, wọ́n kàn máa ń fi aṣọ nù wọ́n lára ni.

Ó fi ọwọ́ bo ojú. Nígbà tó ṣí i, ó ní òun náà ní ohun tí òun fi pa mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti pè é láti Ìbàdàn ní oṣù méjì sẹ́yìn, ó ní Bàbá ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kó dákun yọ̀ǹda mi. Ẹ̀gbọ́n mi gba ọ̀dọ̀ ọkọ mi kó má baà dà bíi pé ẹbí mi ń já mi gbà. Èmi mọ̀ pé Bàbá ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Mi ò gbọ́ nípa ẹ̀ẹ̀kejì. Ọkọ mi ní òun á bá mi sọ ọ́, kò sì sọ ọ́.

“Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo lọ bẹ ìdílé fún ilẹ̀ yẹn,” ó wí. “Mo ní bí o bá ti ní iléèwé níbí, o ò ní lè lọ mọ́.”

Inú bí mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ní, “Ẹ fẹ́ fi ohun tí mo fẹ́ràn dè mí mọ́lẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.” Kò ṣàwáwí kankan.

Wàràkàṣì dé, oríṣi mẹ́ta, ọ̀kan ń rùn bíi bàtà òjò. A ò fọwọ́ kàn án. Orí rẹ̀ la ti sọ̀rọ̀. Ó ní ká gbé Bàbá wá sí Òdìgbò. Mo ní mo ti bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní àwọn ò ní kú sí ilé ẹlòmíì. Ó ní Ìbùkún ń kọ́? Mo ní mi ò mọ̀. A jà, ṣùgbọ́n ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ la fi jà á, torí ọ̀gá wà nítòsí. Bóyá bí kò bá sí i níbẹ̀, à bá ti pariwo, a kì bá sì ti gbọ́ ara wa.

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí wọ́n sun pẹ̀lú ṣúgà ló kẹ́yìn. Ọkọ mi jẹ tirẹ̀, ó jẹ tèmi. Mọ́tò dé.

Ìkàrẹ́ ni mo ti ń kọ èyí sí yín. Ọkọ mi yọ̀ǹda mi, mo sì wọṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. Ìbùkún wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ títí yóò fi ṣe tán ní pírámárì, ó sì ń dùn mí lójoojúmọ́. Wọ́n ti gbin ẹ̀gẹ́ sórí ilẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá ọkọ mi kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọkọ mi ń wá ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Nígbà tó wá kẹ́yìn, Bàbá bi í pé ìgbà wo ni yóò wá mú ìyàwó rẹ̀ lọ. Ó ní òun kò tíì mọ̀, pé òun ṣáà ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tí òun á fi padà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ tí o ń bẹ̀rù láti sọ fún ẹni tí ẹ jọ ń gbé, ẹlòmíì á bá ọ sọ ọ́, á sì rò pé òun ń kí yín ni. Tètè sọ ọ́, kódà bí oúnjẹ ọjọ́ méjì bá máa ṣòfò.

Ẹ̀yin ń kọ́? Ṣé ẹ ti jókòó síbi tí ẹ ò ti lè dìde rí, tí ọ̀rọ̀ sì ń bọ̀ wá bá yín níbẹ̀? Báwo lẹ ṣe ṣe é? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo ń kà á ní alẹ́ nígbà tí Bàbá bá ti sùn.