Ìyá Onírú Tó Ṣe Onídùúró Kọ̀ǹpútà Mi

Òórùn irú ló máa ń kọ́kọ́ gba imú mi nígbàkígbà tí mo bá rántí bí mo ṣe di ẹni tó ní kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé orí mi ti dàrú, àmọ́ kó fara balẹ̀. Láyé ìgbà náà, iṣu ni mo máa ń kó láti Ofiki lọ sí Ìbàdàn, títí di ọjọ́ tí bíréèkì ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí a wọ̀ já lẹ́bàá Komu, tí ó da iṣu da èèyàn sínú igbó. Abẹ́ iṣu ni wọ́n ti fà mí yọ láàyè. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún kò ṣeé ká dáadáa mọ́, ẹ̀rù sì wọ inú mi, kò tíì jáde. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí ohunkóhun tí ẹlòmíràn ti lò rí, ì báà jẹ́ àga onígi, mo máa ń yí i ká bíi pé yóò ta mí nípàá.

Iṣẹ́ tí èèyàn lè jókòó ṣe ni mo wá ń wá. Mo pinnu pé màá máa tẹ ìwé, màá sì máa tẹ ìdánwò fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ ládùúgbò wa ní Ṣakí. Kọ̀ǹpútà tuntun ti ga ju apá wa lọ, tòkunbọ̀ tí mò ń sá fún náà ló kù. Ìyàwó mi ta màlúù kan ṣoṣo tó ní, tó ń sìn bí ẹni ń fi owó pamọ́, ó kó owó rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó sì wò mí lójú.

“Bàbá Ìbejì, bí màlúù bá kú, a ṣì máa jẹ ẹran rẹ̀. Bí ẹ̀rọ yìí bá kú ńkọ́?”

Ó ní n kò ní dá lọ. Dìlálì tó bá a ta màlúù náà ló gbọ́dọ̀ bá mi lọ ra ohun tí a ó fi rọ́pò rẹ̀. Lọ́jà màlúù wa, dìlálì ni alágbàtà tó máa ń dúró láàárín olówó àti ẹlẹ́ran. Ẹlẹ́ran lè ti ọ̀nà jíjìn wá, kó sì ti padà lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí màlúù bá kọ oúnjẹ kí ọjọ́ ọjà tó tún pé, ọrùn dìlálì ni olówó máa dì mú. Bàbá tí mò ń wí yìí ti dàgbà nínú iṣẹ́ náà, kò sì tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí láyé rẹ̀. Ojú tì mí láti mú un lọ́wọ́. Èmi tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, kí ni màá fi dìlálì màlúù ṣe? Ṣùgbọ́n èèyàn kì í fi owó ìyàwó rẹ̀ ṣe agídí.

A wọkọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn, lẹ́yìn tí mo ti ní kí awakọ̀ tẹ bíréèkì kí n rí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta kọ̀ǹpútà kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó gbé ọ̀kan sílẹ̀, ó ń dán bíi bàtà ọdún.

“Ẹ̀yin bàbá mi, èyí ní wáráńtì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ọdún kan gbáko. Bó bá ṣe bákan, àwọn fúnra wọn ló máa tún un ṣe.”

“Láti ọjọ́ wo?” ni mo bi í.

“Láti òní tí ẹ bá gbé e.”

Ẹ̀rù ti mú kí n bi gbogbo ọ̀mọ̀wé tó wà ní Ṣakí léèrè kí n tó kúrò nílé. Wọ́n ti sọ fún mi pé ọjọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ ra ẹ̀rọ ni ilé-iṣẹ́ ti ń ka wáráńtì, kì í ṣe ọjọ́ tí ó kan ẹni kejì. Wọ́n ní nọ́ńbà kan wà níkùn rẹ̀, pé bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ sí ojú òpó ilé-iṣẹ́ náà lórí fóònù, yóò rí ọjọ́ tó parí. Mo dojú ẹ̀rọ dé, mo ní kó bá mi tẹ̀ ẹ́. Wáráńtì náà ti parí kí ayé tó gbọ́ orúkọ kòrónà. Inú mi dùn débi pé mo na fóònù náà sí dìlálì, tí kò mọ̀wé kà. Ó mi orí bíi lèmọ́ọ̀mù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò tilẹ̀ mira. Ó ní ti ẹni àkọ́kọ́ nìyẹn, pé wọ́n ti tún èyí ṣe, ó ti di ọ̀tun. Mo ní ta ló tún un ṣe? Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni, ó yẹ kí bébà ìdánilójú wọn wà nínú páálí. Ó tú páálí. Ó rí wáyà, ó rí ọ̀rá. Ó ní bébà náà lè ti bọ́ sínú òkun.

Ìgbà náà ni dìlálì súnmọ́ tábìlì. Ó fọwọ́ pa ẹ̀rọ náà lẹ́yìn, ó gbé e wò bóyá ó wúwo, ó sì yẹ ẹnu ibi tí wáyà ń wọ̀ wò bí ẹni ń yẹ eyín ẹran wò. Mo wo ojú òrùlé.

“Kí ló dé tí ẹni tó ni ín fi tà á?”

“Àwọn òyìnbó kì í lo nǹkan pẹ́, bàbá.”

“Ó dáa. Ta ló máa dúró fún ọ?”

“Ilé-iṣẹ́ ni.”

“Ilé-iṣẹ́ wà níbo?”

“Òkè òkun.”

“Bó bá kọ oúnjẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣé ìwọ lo máa san owó bàálù wa?” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ta ni ìyá rẹ?”

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà. Ẹnìkan tó ń ta káàdì lẹ́nu ọ̀nà ló bá a dáhùn pé ìyá rẹ̀ ni Ìyá Onírú tó wà ní ìsọ̀ kejì. Kí ọmọ náà tó wí nǹkan, wọ́n ti pe ìyá rẹ̀. Obìnrin náà wọlé pẹ̀lú irú lọ́wọ́ méjèèjì, òórùn náà sì lé oníbàárà kan jáde.

“Kí lọmọ mi ṣe?”

“Kò ṣe nǹkan, Ìyá. A fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe onídùúró ohun tó fẹ́ tà fún wa ni.”

Ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀rọ náà. “Èyí? Ṣé kì í ṣe èyí tí tíṣà ará Ilua yẹn dá padà lọ́jà tó kọjá, tó ní ó ń kú tó ń jí?”

“Ìyá, ẹ má dá sí i.”

“N kò dá sí i. Wọ́n pè mí ni.” Ó fi ìgúnpá tọ́ka sí èyí tó wà lórí àga ọmọ rẹ̀. “Èyí tí ò ń fi wo bọ́ọ̀lù lálaalẹ́, n kò rí i kó kú rí. Òun ni mo lè dúró fún.”

“Tèmi nìyẹn, Ìyá.”

“Bó bá dára fún ọ, ó dára fún wọn.”

Òun náà la rà. Ọmọ náà kọ ọ́ sórí bébà ìsọ̀ rẹ̀ pé bó bá bàjẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta, òun ni yóò tún un ṣe, ìyá rẹ̀ sì ní, “Mo gbọ́.” Ọ̀rọ̀ yẹn lágbára ju òǹtẹ̀ lọ.

Oṣù kejì kò tíì pé tí ẹ̀rọ náà fi kọ iná, nígbà tí ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Bí mo bá pàdánù àwọn ilé ẹ̀kọ́ yẹn, màlúù ìyàwó mi ti lọ lásán nìyẹn. N kò sọ fún un. Mo gbé e lọ sí Ìsẹ́yìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní iná ìlú wa ló bà á jẹ́, pé kò sí wáráńtì tó ń gba ti iná. Èmi kì í ṣe ẹni tó lè bá èèyàn jà. Mo kàn dìde, mo ní, “Kò burú. Ẹ jẹ́ kí n lọ kí Ìyá.”

N kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó fi dì mí láṣọ mú.

“Ẹ jókòó, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ná.”

Ibi tí wáyà ń wọ̀ ló jó. Ó pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun àsàárì, kò gba kọ́bọ̀.

Ẹ̀rọ yẹn ló bọ́ wa títí àwọn ìbejì fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Lónìí, àwọn èèyàn máa ń mú mi dání bí wọ́n bá fẹ́ ra tòkunbọ̀. Mo máa ń wo nọ́ńbà ikùn rẹ̀, mo máa ń béèrè bébà ẹni tó tún un ṣe, torí ìwé tí mo kà kò ṣòfò. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń béèrè pé ta ni ìyá ẹni tó ń tà á. N kò bú ilé-iṣẹ́ ńlá kankan. Ìlérí wọn lè dára fún ẹni tó kọ́kọ́ rà á. Àwa tí nǹkan dé ọwọ́ wa lẹ́yìn ẹni kejì, ẹni kẹta, onídùúró tó wà nítòsí ló yẹ wá. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí bí mo bá ń rajà, n kò ní purọ́. Ohun tí mo kọ́ ni pé kò yẹ kí èmi nìkan máa bẹ̀rù. Ó yẹ kí ẹ̀rù máa ba ẹni tó ń tà á náà díẹ̀.