Bíréèkì Kejì

Ogún ọdún ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti fi ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà. Bíréèkì méjì ló wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan lábẹ́ tirẹ̀. Èmi àbúrò rẹ̀, mẹkáníìkì, ni mo de ìkejì mọ́ ọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ kọlu ògiri, ẹ̀gbọ́n mi á tẹ tirẹ̀, á sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ìṣirò sì ti gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún un. Bí a bá bi í, á ní, "Wọ́n kàn fún mi lódo ni. Orí mi ò gba ìṣirò." Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú, torí kì í ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀, eruku nìkan ló ń kà á.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi gbé ọkọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

"Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń kọ́ ọmọ yìí lọ́kọ̀, kò tíì tẹ bíréèkì rí. Bó bá rí nǹkan níwájú, ojú mi ló máa ń wò. Bá mi yọ tèmi."

Mo yọ ọ́. A lọ sí pápá gbalasa kan, a to àgbá òfìfo síbẹ̀, mo jókòó sẹ́yìn. Ọmọ náà sáré dé ìdí àgbá, ó bojú wo ìyá rẹ̀. Ìyá ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ìjókòó.

"Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́!"

Gbàù! Àgbá yí gbirigbiri lọ.

"Ẹ ò dá ọkọ̀ dúró!"

"Ẹsẹ̀ ta ló wà lórí bíréèkì?"

Ọmọ náà fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn, ó tún wá. Lọ́tẹ̀ yìí ọkọ̀ dúró kó tó kan àgbá, inú mi sì dùn dé ọrùn.

Lọ́jọ́ kejì ó kó ìwé ìdánwò méjèèjì tó ti kùnà wá bá mi, ó ti fi báírò pupa yí gbogbo ibi tó ti ṣìnà po.

"Áńkù, ẹ wò ó. Ìdajì, ìdámẹ́ta, ìdámẹ́rin, ibẹ̀ nìkan ni wàhálà mi. Mi ò kọ́ ọ rí, mo kàn ń méfò ni."

Oṣù mẹ́rin ló fi kọ́ ọ, nígbà mìíràn lórí bẹ́ǹṣì mi láàárín àwọn sípánà. Èmi náà sì dá bíréèkì kejì padà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù.

Lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò kẹta jáde, ọmọ náà ló wa ọkọ̀ gbé wa lọ wò ó. Ó yege. Ìyá rẹ̀ sunkún, èmi náà ń fi aṣọ tí mo fi ń nu epo nu ojú. Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, kẹ̀kẹ́ kan já sí títì lójijì. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti ń lọ sórí bíréèkì kejì.

"Màmá, mo ti rí i."

Ẹ̀gbọ́n mi ká ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí ìjókòó.