Èpè Tí Ọkọ Mi Ṣẹ́ Nítorí Ìtàkùn Ọ̀dùnkún

Ọdún tí mo dé ilé ọkọ ní Kábà ni ìyá ọkọ mi kọ́ mi pé kí a tó wa ọ̀dùnkún, ewé rẹ̀ la ó kọ́kọ́ pa.

"Bí ewé bá ṣì tutù lórí, èèpo kì í gbó," ló wí. "Bí o bá wà á bẹ́ẹ̀, yóò máa bó mọ́ ẹ lọ́wọ́, yóò sì jẹrà kó tó dé ọjà."

Èmi àti ìyá mú àdá, a gé gbogbo ìtàkùn tó bo ebè, a kó wọn fún ewúrẹ́. Oko wá rí bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

Ọkọ mi ò sí nílé. Ó lọ ṣèpàdé ìjọ ní Ìsánlú. Oníwàásù ni, ohùn rẹ̀ sì lágbára ju ìwàásù rẹ̀ lọ. Ẹ̀bá oko ló gbà wọlé. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, igbe rẹ̀ la kàn gbọ́ láàárín agboolé: "Ọ̀tá ti ṣe é! Wọ́n ti pa oko mi!"

Àwọn ará ilé tú jáde. Ó gbé Bíbélì sókè. "Ọwọ́ tó gé ìtàkùn mi, kó rọ!"

"Àmín!" Àwọn tí kì í dé ṣọ́ọ̀ṣì rárá ló ké e jù.

Èmi tí mo gé nínú ìtàkùn ọ̀hún, n kò mọ̀ bóyá kí n ṣe àmín ni àbí kí n sá. Ìyá ọkọ mi jáde láti ìdí ààrò, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíni ní Kábà:

"Okun o, ọmọ mi. Ṣé ọwọ́ yìí lò ń wí?"

"Ìyá, ẹ̀yin kọ́ ni mo..."

"Èmi ni. Ó sì ti ń rọ." Ó jẹ́ kí apá rẹ̀ méjèèjì já wálẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, ó jókòó.

Ọkọ mi gbàdúrà láti fi ká èpè náà kúrò, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè ṣe àmín.

Nígbà tí èèpo gbó, ìyá ní aláìlọ́wọ́ kì í wa ọ̀dùnkún. Òkèlè nìkan ni ọwọ́ náà ṣì ń gbé. Ọkọ mi nìkan ló wa gbogbo oko, èmi ń rù, ìyá ń pàṣẹ lábẹ́ igi: "Rọra o, má ṣá a!"

Ọ̀dùnkún náà dára, èèpo rẹ̀ le dáadáa. Láti ọdún náà, kò sẹ́ni tó jẹ́ gé ìtàkùn ní agboolé wa láìkọ́kọ́ ké lẹ́nu ọ̀nà ọkọ mi pé: "Ìránṣẹ́ Olúwa, àwa ni o, ẹ jọ̀ọ́!"