Bùbá Tí Mo Gbé Lọ sí Ṣikágò

Oṣù mẹ́ta ni mo lò ní Ṣikágò nígbà tí ọmọ mi obìnrin bí àkọ́bí rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mú mi lọ, tó sì mú mi padà sí Ẹdẹ láyọ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń bi mí nípa òtútù ibẹ̀ àti àwọn ilé gíga. Òtútù wà lóòótọ́. Ilé gíga náà wà, èèyàn á wòkè títí ọrùn á fi máa dùn ún. Ṣùgbọ́n ohun tí mo máa ń rántí jù ni yàrá kan nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn ìyá àgbà ti ń fi àjákù aṣọ ṣe iṣẹ́ ọnà, àti ohun kan tí mo ṣe níbẹ̀ tó ṣì ń tì mí lójú.

Aránṣọ ni mí. Ìyàwó pásítọ̀ tó kọ́ wa ní ilé-ìwé ìjọ ló kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ lé mi lọ́wọ́, ìdí abẹ́rẹ́ náà ni mo sì ti ń jẹun láti ìgbà yẹn. Nígbà tí mo ń di ẹrù Ṣikágò, mo ká bùbá àdìrẹ kan sínú àpótí. Ti ọkọ mi ni. Nígbà tí àwọn mọ̀lẹ́bí pín aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, èyí nìkan ni mo bẹ̀bẹ̀ fún, nítorí èmi ni mo rán an. Mo fẹ́ fi bo ọmọ-ọmọ rẹ̀ lára lẹ́ẹ̀kan, kí n sì gbé e padà sílé.

Ọmọ mi kò lè wá síbi ìsìnkú bàbá rẹ̀. Ìwé tí ìjọba ibẹ̀ fi ń gba àlejò láyè láti máa gbé kò tíì jáde nígbà náà; bó bá kúrò nílùú, ó lè má rí ọ̀nà wọlé mọ́. Orí fóònù ló ti wo ìsìnkú náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já kí wọ́n tó gbé pósí sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta tí mo dé, ó gbé bùbá náà lé itan, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n gé díẹ̀ níbẹ̀."

"Kí o gé kí ni?"

"Àwọn ìyá kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ń rán àjákù aṣọ pọ̀, aṣọ ẹni tó ti lọ ni kálukú ń mú wá. Tó bá parí, wọ́n á gbé e kọ́ sára ògiri ilé ìkàwé kí gbogbo ìlú lè máa wò ó."

"Aṣọ bàbá ẹ kì í ṣe àkísà," ni mo wí. "Odindi ni mo gbé e wá, odindi ni mo máa gbé e lọ."

Kò bá mi jiyàn. Ó rọra ká bùbá náà, ó dá a padà sínú àpótí. Ká ní ó jiyàn ni, ì bá sàn fún mi.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, ó ní kí n ṣáà wá wo àwọn ìyá náà. Mo pọn ọmọ, a wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń gba orí òpó kọjá lókè títì. Ó sún mọ́ fèrèsé ilé àwọn èèyàn débi pé mo rí ọkùnrin kan tó ń dín ẹyin. Mo ní, "Ẹ kú ìdáná o." Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, mo rí ògiri kan tí wọ́n ya obìnrin sí, ó ga ju ilé alájà méjì lọ, ó ń di irun ọmọ rẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń polówó?"

"Wọn ò polówó nǹkan kan, Mọ́mì. Wọ́n kàn yà á ni."

Mo dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìlà irun náà tọ́, ẹni tó yà á mọ irun dídì.

Àwọn ìyá méje ló wà ní yàrá náà, adúláwọ̀ ni gbogbo wọn, rédíò kékeré ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Èyí tó dàgbà jù ní kí n jókòó ti òun. Ṣẹ́ẹ̀tì onílà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ti kú, tó máa ń fun fèrè ní àwọn ilé orin ìlú náà. Ìyá yìí á ki abẹ́rẹ́ bọ aṣọ lẹ́ẹ̀kan, á gbé e sílẹ̀, á sọ̀tàn, á mu kọfí. Láti oṣù mẹ́rin ló ti wà lórí ègé kan ṣoṣo tó gé lára ṣẹ́ẹ̀tì náà. Mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Nílé wa, tí iṣẹ́ bá ń wọ àgbà lọ́rùn, a kì í bi í ká tó gbà á. Ọ̀wẹ̀ ni, ẹni tó lágbára ló ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n ń kó nǹkan wọn pamọ́, mo rọra fi ègé náà sínú báàgì mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, bí ọmọ ti sùn, mo rán an tán. Mo rán an wẹ́wẹ́, ó tọ́ bí ẹni fi ẹ̀rọ rán an.

Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn.

"Iṣẹ́ ẹ dára," ló wí. "Ó dára ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ó ti parí."

Ẹnìkan pa rédíò. Ọmọ mi tẹ̀ sí mi létí, ó fi Yorùbá sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Mọ́mì, bí wọ́n ṣe ń rán an díẹ̀díẹ̀ yẹn, àwọn àti àbúrò wọn tó kú ni wọ́n ń jókòó pọ̀ látọjọ́ yìí. Ẹ ti lé àlejò wọn lọ."

Mo bẹ ìyá náà títí. Ó gbé sísọ́ọ̀sì lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Bá mi tú u." A jókòó, a ń tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń yọ mí lẹ́nu. "Ta ló kọ́ ẹ ní ìránṣọ tó le báyìí? Ṣé àpò sìmẹ́ǹtì lẹ máa ń rán ní ìlú yín ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, ara tù mí díẹ̀. Nígbà tó yá ló béèrè pé, "Ìwọ ńkọ́, ta lo mú wá?"

"Ọkọ mi," ni mo dáhùn. "Ó wà nílé, nínú àpótí."

Àwọn ìyá náà wo ara wọn. Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó bojú wolẹ̀, ó ń fi ìka pa ọmọ rẹ̀ lórí. Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti là mí lójú. Èmi ni mo gba àlejò tó wá kí wa kú ìsìnkú. Èmi ni mo fọ aṣọ ọkọ mi, tí mo lọ̀ ọ́, tí mo kó o síwájú mọ̀lẹ́bí. Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀ tán, n kò ṣẹ́ ohunkóhun kù fún ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí a délé, mo gbé bùbá náà àti sísọ́ọ̀sì fún un. "Ibi tó bá wù ẹ́," ni mo wí.

Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Àpò àyà ló gé, níbi tí yíǹkì bíró ti jò sí, torí akọ̀wé ìjọ ni bàbá rẹ̀. Mo gbá ọmọ mọ́ra títí sísọ́ọ̀sì fi dákẹ́.

Ọmọ mi ò mọ aṣọ rán. Ìránṣọ rẹ̀ wọ́, ó fẹ̀, ó dà bí ipa ẹsẹ̀ adìẹ. Ọwọ́ ń yún mi. Mo jókòó lé e.

"Ṣé ó dáa báyìí, Mọ́mì?"

"Ó dáa."

"Ẹ ń parọ́."

"Mò ń parọ́. Máa rán an lọ."

Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó sunkún, abẹ́rẹ́ kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ń bi mí léèrè ohun tí kò béèrè rí: kí ni bàbá rẹ̀ jẹ gbẹ̀yìn, ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣé ó dárúkọ òun. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Ó dárúkọ rẹ̀.

Mo padà sí Ẹdẹ kí ó tó rán an dé ìdajì. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ẹ̀gbẹ́ kan ló kù. Mo ní kó má kánjú.